Fílítà Tó Wà Lórí Bẹ́ǹṣì

Nílé wa, ohunkóhun tí ẹ bá gbé sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, fífọ̀ ni mo máa fọ̀ ọ́. Mi ò ní béèrè. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni mo ń ṣe láti ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, bẹ́ǹṣì yẹn sì ni àwọn oníbàárà ń gbé ẹrù lé tí mi ò bá sí nítòsí. Ọkọ mi gbé fìlà rẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan kó lè ráyè wá kọ́kọ́rọ́ lápò. Kó tó rí kọ́kọ́rọ́, fìlà ti wà nínú omi. Ó bínú títí, ó tún rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ fún àlejò pé kí wọ́n má jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn o, ìyàwó òun máa fọ̀ wọ́n.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbé nǹkan síbẹ̀ rí láti ọdún mẹ́jọ tí mo ti wọ ilé yìí. Ọmọbìnrin ọkọ mi ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí mo dé, ìyá rẹ̀ sì ti kú ní ọdún méjì ṣáájú. Láti ọjọ́ kìíní ló ti ń fọ aṣọ ara rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, kò sí ohun tó ń dun alágbàfọ̀ bíi kó máa wo ọmọ inú ilé rẹ̀ tó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí kọ́là rẹ̀ kò mọ́. Mo máa ń wo kọ́là yẹn bó ṣe ń bá a jáde lọ, ọwọ́ á máa yún mi.

Kì í ṣe ọmọ burúkú o. Kó má di pé mo ń ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń kí mi lálẹ́, kò dá mi lóhùn òdì rí. Ohun kan ṣoṣo ni kì í ṣe: kì í pè mí. Kò pè mí ní Màmá, kò pè mí ní Àǹtí, kò tilẹ̀ pè mí ní Ìyá Alágbàfọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè mí. Tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, á rìn wá síbi tí mo wà, á dúró títí ojú wa á fi ṣe mẹ́rin, á wá ní, "Ẹ wò ó," tàbí "Ẹ jọ̀ọ́." Mo lè wà ní ẹ̀yìnkùlé kí omi máa ya sílẹ̀ ní yàrá ìdáná, kò ní pariwo pè mí. Á sáré wá ni. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò fún ọjọ́ kan péré, kẹ́ ẹ máa bá ẹni tó jù yín lọ gbé láì pè é ní nǹkan kan, ẹ máa rí i pé iṣẹ́ ńlá ni. Ọmọ yìí ṣe é fún ọdún mẹ́jọ, kò ṣì í ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Wàyí o, ó ti ríṣẹ́ sí ìlú míì, ìrìn wákàtí mẹ́fà. Ọjọ́ Sátidé ló ń lọ, mọ́tò ìyá rẹ̀ ló sì máa wà lọ. Mo ti sọ fún ara mi pé kó tó lọ, mo fẹ́ kó pè mí ní nǹkan kan. Ohunkóhun. Mi ò retí Mọ́mì. Mọ́mì ní ẹni tó ni ín. Fọ́tò rẹ̀ wà ní pálọ̀, èmi ni mo ń nu gíláàsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tó bá ti lọ láì pè mí, ó parí nìyẹn. Lórí fóònù, ènìyàn ò nílò láti pe ẹnikẹ́ni. "Ẹ káàárọ̀" ti tó.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ dá aṣọ padà fún oníbàárà kan. Bí mo ṣe dé, mo rí nǹkan lórí bẹ́ǹṣì. Ó pẹlẹbẹ, ó ní igun mẹ́rin, ó gùn tó ìgúnpá mi sí ọrùn ọwọ́, ó sì ní ìṣẹ́po tó tò tẹ̀léra bíi síkẹ́ẹ̀tì ọmọ ilé-ìwé. Mo mọ̀ ọ́n. Inú mọ́tò ló ti wá. Mo ti rí ọmọ náà tó ń gbọn eruku rẹ̀ dànù ní ẹ̀yìnkùlé. Fílítà ni wọ́n ń pè é, òun ló ń sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà símú.

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, bóyá ẹlòmíì ló gbé e síbẹ̀. Ta ni ìbá jẹ́? Ọkọ mi kì í fọwọ́ kan mọ́tò yẹn. Ọmọ náà ni. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé nǹkan rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì mi. Mo jókòó fún ìgbà díẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa mọ́tò, mo mọ̀ pé ẹ ti ń káwọ́ lérí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo po omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú ọṣẹ tí mo ń fi fọ aṣọ ìgbéyàwó. Mo rẹ ẹ́ sínú rẹ̀. Omi àkọ́kọ́ dúdú bíi kọfí, èkejì pọ́n, ẹ̀kẹta mọ́. Mo wá rí i pé báírò ta sí etí rẹ̀ tó funfun, ìlà kékeré kan báyìí, nọ́ńbà àti lẹ́tà, ó ti ń ṣí lọ. Èmi àti yíǹkì kì í ṣọ̀rẹ́. Àwọn tíṣà àti akọ̀wé báǹkì ń ti òpin ìlú wá bá mi nítorí yíǹkì tó jò sí àpò ṣẹ́ẹ̀tì wọn. Mo fi òwú àti sípírítì rọra pa á, mo pa á, mo pa á, títí kò fi ku ẹyọ kan. Mo sá a síbi tí oòrùn ò ti le jù. Nígbà tó gbẹ, àwọn ìṣẹ́po rẹ̀ ti wọ́, mo bá ta sítáàṣì díẹ̀ sí i, mo sì fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná púpọ̀ lọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́po méjìléláàádọ́ta. Mo kà wọ́n. Mi ò fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ aṣọ rí láyé mi.

Mo wé e sínú bébà funfun tí mo ń lò fún àwọn oníbàárà pàtàkì, mo dá a padà sórí bẹ́ǹṣì, mo sì lọ dúró sójú fèrèsé.

Ó dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó tú bébà náà. Ó yí fílítà síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó gbé etí rẹ̀ súnmọ́ ojú, ó fi àtàǹpàkò ra á. Ó wá rìn wá síbi tí mo wà, bó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Nǹkan kan wà létí ibí yìí tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ni."

"Yíǹkì yẹn?" Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín, èmi òmùgọ̀. "Mo ti bá ẹ mú un kúrò. Ó lágídí díẹ̀ o, àmọ́ ó bọ́."

Ó ṣì ń fi àtàǹpàkò ra ibẹ̀.

"Mọ́mì ló kọ ọ́," ó ní. "Ọjọ́ tí wọ́n fi í sínú mọ́tò ni. Gbogbo ohun tí wọ́n bá pààrọ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọjọ́ sí lára. Èyí nìkan ló kù."

Ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní, "Jọ̀ọ́, má bínú. Mi ò mọ̀. Mo rò pé…" Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé mo rò pé ó gbé e fún mi?

"Kò burú," ó ní. Ó gbé fílítà náà mọ́ àyà, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Kò gbá ilẹ̀kùn. Ì bá sàn fún mi kó gbá a.

Ọkọ mi ń tún aago ṣe, síbẹ̀ kò tètè dé ilé rí. Nígbà tó dé lọ́jọ́ náà, ojú mi ti wú. Ó lọ gba fílítà náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé e sókè sí iná, ó wò ó bó ṣe ń wo inú aago.

"Iṣẹ́ rẹ dáa o," ó ní. "Ká ní síkẹ́ẹ̀tì ni. Ṣùgbọ́n bébà ni, bébà yìí kì í sì í wọ omi. Afẹ́fẹ́ ò lè gba inú sítáàṣì yìí kọjá."

"Kó wá wa mọ́tò náà láìsí fílítà ńkọ́?"

"Eruku á jẹ ẹ́ńjìnì rẹ̀ kó tó débẹ̀."

Mo sọ ti yíǹkì fún un. Ibẹ̀ ni mo ti fọhùn sókè, ẹ jọ̀wọ́, mi ò ní sùúrù, gbogbo ayé ló mọ̀. "Ọdún mẹ́jọ!" mo ní. "Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń retí kó gbé nǹkan kan ṣoṣo fún mi. Ó wá gbé e, mo sì fọ ohun tí ìyá rẹ̀ kọ dànù lára rẹ̀. Ta ló máa wá pè mí báyìí?"

Ó fà mí jókòó. "Kì í ṣe pé kò fẹ́ pè ọ́," ó ní. "Ó ti pẹ́ jù ni. O mọ aládùúgbò téèyàn ń kí lójoojúmọ́ tí kò mọ orúkọ rẹ̀? Bó ṣe ń pẹ́ sí i ni ojú ń tì ẹ́ sí i láti béèrè. Bó ṣe rí lára rẹ̀ nìyẹn."

Mo ní kó máa bá aago rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo rí ọmọ náà tó ń wọ bàtà kó lè lọ ra fílítà tuntun, mo wọ tèmi. Kò ní kí n wá, kò sì ní kí n má wá. Ẹsẹ̀ la fi rìn, níwọ̀n ìgbà tí mọ́tò ò ṣeé gbé jáde. A rìn dé ìkóríta. A dúró kí ọkọ̀ kọjá. Ó ń wo ọ̀nà, kò wò mí, ó wá ní:

"Ẹ̀bi mi ni. Ìgbálẹ̀ tí mo fi ń gbá inú mọ́tò kún ọwọ́ mi, mo wá gbé e sórí bẹ́ǹṣì yẹn kó lè rí oòrùn. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá gbé síbẹ̀, ẹ máa fọ̀ ọ́ ni. Ìgbà wo ni mo ti ń gbé ilé yẹn?"

"Ẹ̀bi tèmi ni," mo ní.

"Ẹ tún lọ̀ ọ́," ó ní. Mo yọjú wò ó, mo rí i pé ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń há a mọ́ ẹnu. "Ẹ ta sítáàṣì sí fílítà."

"Díẹ̀ ni mo ta sí i."

Ẹ̀rín náà bọ́ o. Kò pẹ́ púpọ̀, ọkọ̀ tó kù ti kọjá, a sọdá. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò náà wọ gíláàsì ojú tó nípọn, ẹrù sì yí i ká débi pé orí rẹ̀ nìkan la rí. Ọmọ náà sọ irú mọ́tò tó jẹ́ fún un.

"Ojúlówó ni mo fẹ́ o," ó ní. "Èyí tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò lára."

"Wọn ò ṣe ti irú mọ́tò yẹn mọ́," ọkùnrin náà ní. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa páálí kan yọ, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀. "Ilé-iṣẹ́ míì ló ṣe èyí. Ìwọ̀n kan náà ni."

"Ayédèrú ni?"

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bú. "Ayédèrú kọ́, àbúrò mi. Ayédèrú ni èyí tó jí orúkọ olórúkọ lẹ̀ mọ́ra. Èyí ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Orúkọ ara rẹ̀ ló ń jẹ́. Ó kàn jẹ́ pé òun kọ́ ló bá mọ́tò wá."

Mo yíjú sí ògiri, mò ń ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo òróró. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni wọ́n ń sọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú mi ti ń rin, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n rí i.

"Ṣé ó máa ṣiṣẹ́?" ọmọ náà béèrè.

"Á ṣiṣẹ́. Rọ́bà etí rẹ̀ nípọn ju ti àtijọ́ lọ, ẹ máa fi agbára tẹ ìdérí mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, kí ẹnì kan wọ inú mọ́tò tẹ tọ́tù kí ẹ́ńjìnì lè pariwo, kí ẹnì kejì dẹtí sí i. Tí kò bá dé dáadáa, ó máa ń súfèé."

Ọmọ náà di páálí náà mú, ó yí i wò.

"A máa mú un," ó ní.

Kò ní "mo máa mú un" o. "A" ló wí. Mo gbé e sọ́kàn dé ilé.

Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, àwọn àpò rẹ̀ ti wà lẹ́yìn mọ́tò. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi irin gbé e ró. Mo dúró lápá kejì pẹ̀lú àkísà mímọ́, torí mo ti sọ pé tí wọ́n bá ń nu nǹkan, èmi ni mo máa nù ún. Ó tú ìkọ́ mẹ́rin tó di àpótí dúdú tí fílítà ń wà nínú rẹ̀ mú, ó ká ìdérí rẹ̀. Mo nu inú àpótí náà síta, síta, bó ṣe kọ́ mi, kí eruku má lọ bọ́ sínú ọ̀nà ọ̀fun ẹ́ńjìnì. Eruku ọdún mẹ́wàá, mo nù ún títí àkísà mẹ́ta fi dúdú. Ó ní ó ti tó. Mo ní kò tíì tó.

Ó yọ fílítà tuntun náà nínú ọ̀rá. Ó gbé e dání, kò fi í sí i. Ó wò mí.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "kálàmù yín tẹ́ ẹ fi ń sàmì sáṣọ ńkọ́? Ṣé kì í ṣí lóòótọ́?"

"Kì í ṣí láyé. Èmi gan-an ò lè mú un kúrò."

"Ẹ bá mi kọ ọjọ́ òní sí i."

Aṣọ ogójì ni mo ń sàmì sí lójúmọ́, àmì mi kì í wọ́. Mo gbé fílítà náà lé orúnkún, mo kọ ọjọ́, mo kọ oṣù, mo kọ ọdún. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn wọ́ díẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ti Mọ́mì gan-an máa ń wọ́.

Ó tẹ́ ẹ sínú àpótí. Ọkùnrin yẹn ò purọ́, ìdérí rẹ̀ kọ̀ láti dé. Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, ìkọ́ méjì wọlé, méjì kọ̀. Mo ní kó sún sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ yìí, ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń tẹ áyọ́ọ̀nù. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ìdérí náà, mo sùn lé e, rọ́bà náà dún, ó rẹlẹ̀. "Fi ìkọ́ sí i!" mo ní. Ó fi ìkọ́ kẹta sí i, ó fi ẹ̀kẹrin. Orí rẹ̀ fara kan èjìká mi nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò sì yára gbé e kúrò.

Fílítà àtijọ́ wà nínú bébà funfun rẹ̀, lórí àga ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, tòun ti sítáàṣì. Mo ti rò pé ó ti jù ú nù.

Ó wọ inú mọ́tò. Mo dúró síwájú, mo dẹtí sí àpótí náà. Bọ́nẹ́ẹ̀tì wà láàárín wa, mi ò rí i, kò rí mi. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó mú. Ó tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, ariwo náà sọ. Tó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀, ẹ́ńjìnì á kú ni. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe tí kò bá tíì gbóná.

"Ẹ wò ó!" mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ọkọ̀. Kí ni kí n wò? Irin bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mò ń wò.

"Ẹ jọ̀ọ́!"

Mi ò dáhùn. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ kó rìn wá bá mi, bó ṣe máa ń ṣe. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Ẹ́ńjìnì rẹlẹ̀, ó fẹ́ kú. Ó yára tẹ tọ́tù padà. Ilẹ̀kùn náà sì wà ní ṣíṣí, kò lè jáde.

"Màmá!"

Mo di irin bọ́nẹ́ẹ̀tì mú.

"Màmá! Ṣé ó ń súfèé?"

Kò súfèé. Fílítà náà ti jókòó síbi tó yẹ, ohùn ẹ́ńjìnì mọ́ tónítóní. Ó yẹ kí n sọ fún un. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi sórí àpótí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, mo sì ṣe bí ẹni tí ariwo di létí.

Ọkọ mi yọrí lójú fèrèsé pẹ̀lú aago ẹni ẹlẹ́ni lọ́wọ́. "Ṣé o ò gbọ́ ni?" ó pariwo sí mi. "Ọmọ rẹ ń pè ọ́!"

Mo gbé ìka lé ètè, mo ní kó dákẹ́. Ọmọ náà sì tún pè mí lẹ́ẹ̀kẹta.